Báwo ni mo ṣe lè múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láìdà bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí?

Àgùnbánirọ̀Àná béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí NYSC ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu ní Ìbàdàn ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fún iṣẹ́ akọ̀wé owó. Mo ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún àwọn ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn mọ̀: “Sọ fún wa nípa ara rẹ”, “Kí ni kùdìẹ̀kudiẹ rẹ?” àti “Èéṣe tí a ó fi gbà ọ́ síṣẹ́?” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá kà wọ́n sókè, kò jọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi rárá. Láti kékeré ni wọ́n sì ti kọ́ mi pé ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè sọ pé mo mọ iṣẹ́, tí wọn kò fi ní pè mí ní agbéraga? Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ni ọ́fíìsì ìṣirò owó ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n gbé mi lọ nígbà tí mo ń sìnlú.

ÌyáỌ́fíìsì dáhùn pé:

Àbúrò, mo bá ọ yọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti wà lára àwọn tó ń bi olùwáṣẹ́ ní ìbéèrè, mo sì lè sọ fún ọ pé ìbéèrè tó bá tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ló máa ń tú àkọ́sórí. Bí o bá ní aláápọn ni ọ́, wọn yóò ní kí o fún àwọn ní àpẹẹrẹ kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yóò ti tán lẹ́nu rẹ. Nítorí náà, fi ìdáhùn tí o kọ sílẹ̀ yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí o ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ni kí o rántí dáadáa: bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí o débẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí o ṣe, ohun tí ìwọ gan-an ṣe, àti ibi tó yọrí sí. Ohun mẹ́rin yìí náà ni àwọn tó ń lo ìlànà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ń pè ní STAR máa ń tẹ́tí sílẹ̀ fún.

Ní ti ìyìn ara ẹni, jẹ́ kí iṣẹ́ náà yìn ọ́. Bí o bá ní ọ̀jáfáfá ni ọ́, ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé ìwé owó ọ́fíìsì yín kò bá àkọsílẹ̀ báńkì mu, pé o to àwọn ìwé ìsanwó ní oṣù-oṣù, tí o ń fi wọ́n wéra ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí o fi rí i pé ṣẹ́ẹ̀kì kan ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò pè ọ́ ní agbéraga? Má fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ sẹ́yìn ọ̀gá rẹ, nítorí apá tó jẹ́ tìrẹ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Kí o sì máa wo ojú ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. A kì í tẹjú mọ́ àgbà nílé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, wọ́n lè rò pé ẹni tó ń wolẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́ ni.

AṣíròOwó dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ. Ẹ má sì gbàgbé ìbéèrè iṣẹ́. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣírò VAT orí ọjà 200,000 náírà lójú ẹsẹ̀: láti oṣù kejì ọdún 2020 ni VAT ti kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó di 7.5, nítorí náà 15,000 náírà ni. Bí wọ́n bá ń ta ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ náà ní NGX, ìyẹn ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, ẹ wá ìròyìn owó ọdọọdún wọn kà, nítorí “Kí ni o mọ̀ nípa wa?” kò ní ṣàìwáyé. Lẹ́yìn tí ìjọba jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe oúnjẹ àti ohun mímu kọ àdánù ńlá sínú ìwé ọdún náà nítorí pé gbèsè dọ́là tí wọ́n jẹ di púpọ̀ sí i ní náírà. Akọ̀wé owó tó bá lè sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan báyìí yóò yàtọ̀.

Ní ti kùdìẹ̀kudiẹ, “Mo máa ń ṣiṣẹ́ jù” ti sú wọn. Ẹ sọ òótọ́ kan tí kò ní ba iṣẹ́ náà jẹ́, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ ń ṣe sí i kún un: bóyá ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ ló ń ni yín lára, tí ẹ fi gbà láti máa ka ìròyìn owó ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹni tó bá ní òun kì í fara balẹ̀ wo nọ́ńbà ti lé ara rẹ̀ padà sílé nìyẹn.

Àgùnbánirọ̀Àná béèrè pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Owó oṣù ńkọ́? Ṣé mo lè sọ pé iye tí wọ́n bá fún mi náà ni n ó gbà?

ÌyáỌ́fíìsì dáhùn pé:

Rárá o. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, kì í ṣe ní Èkó, kí o tó lọ. 70,000 náírà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, má fi ṣe òṣùwọ̀n tìrẹ. Bí wọ́n bá sì dárúkọ iye kan, béèrè bóyá kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ ni wọn yóò máa yọ fún ìfẹ̀yìntì, ilé-iṣẹ́ yóò sì fi ìdá 10 kún un. Bí 150,000 náírà bá jẹ́ àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 12,000 ti kúrò níbẹ̀ kí owó orí tó kàn. Bí wọ́n bá ní kí ìwọ dárúkọ iye, tí o sì sọ pé láti iye kan dé iye kan, ti ìsàlẹ̀ ni wọn yóò mú, nítorí náà rí i pé ti ìsàlẹ̀ yẹn yóò tó ọ wọ ọkọ̀ kí o sì jẹun.