Kẹ́ẹ̀pù: ṣé ó ń já ni, àbí ó ń ṣẹ́?

Kẹ́ẹ̀pù ni oríṣi ewé òkun ńlá kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "kelp". Àbá tó wà nílẹ̀ fún ìtumọ̀ Yorùbá ni pé ká máa pe ọ̀pá kẹ́ẹ̀pù ní "ìtàkùn òkun", ká sì máa pe ohun tó fi rọ̀ mọ́ àpáta ní "gbòǹgbò". Ìtàkùn dùn létí lóòótọ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn, torí pé orúkọ náà máa kọ́ amòòkùn, ìyẹn ẹni tó ń wọ abẹ́ omi, ní ohun tí kò yẹ kó ṣe. (Mo mọ̀ pé "amòòkùn" máa rán àwọn kan létí òwe olè. Ọ̀rọ̀ òmìíràn nìyẹn, a ò sì lè fi "òmùwẹ̀" rọ́pò rẹ̀, torí òmùwẹ̀ lè má wọ abẹ́ omi rárá.)

Kẹ́ẹ̀pù ńlá tó wà láyìíká àwọn erékùṣù Channel Islands ní Kalifọ́níà máa ń ti orí àpáta nísàlẹ̀ òkun hù dé ojú omi. Bí ẹ bá fa ìtàkùn, ó lè já. Bí ẹ bá fa kẹ́ẹ̀pù, ńṣe ló máa nà bíi rọ́bà. Àmọ́ ẹ mú un sáàárín ọwọ́ méjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ká lẹ́ẹ̀kan náà: pá, ó ṣẹ́. Ohun tó ń ṣẹ́ báyìí kì í ṣe ìtàkùn. "Pòròpórò" ni mo dábàá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "wé". Wọ́n kọ ọ́ pé kẹ́ẹ̀pù "wé amòòkùn lára". Kì í wé èèyàn, ńṣe ló ń fi ara kọ́ nǹkan bí ìwọ̀: ó ń kọ́ ìdí okùn lẹ́bẹ́ ẹsẹ̀ (bàtà pẹlẹbẹ tí amòòkùn fi ń wẹ̀) tó yọ síta, ó ń kọ́ ọ̀bẹ tí wọ́n so mọ́ ìta ojúgun, àti ẹnu àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbà pé ó ti wé òun á yí ara padà láti wò ó, ìgbà yẹn gan-an ló máa wá wé e. Ohun tó yẹ ni kó dúró, kó má ta ẹsẹ̀, kó fà sẹ́yìn díẹ̀ kí pòròpórò náà lè dẹ̀, kó na ọwọ́ sẹ́yìn kó ṣẹ́ ẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹnì kejì rẹ̀ bá a ṣẹ́ ẹ. Omi ibẹ̀ tutù, ìbọ̀wọ́ nípọn, ìka kì í rí kókó tú. Ṣíṣẹ́ kò nílò ìka tó já fáfá. Ọ̀bẹ ló gbẹ̀yìn, torí okùn ìmí tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá sẹ́nu wà nítòsí. Kí wọ́n tó wọ omi, kí wọ́n ti fi téèpù lẹ ìdí okùn lẹ́bẹ́, kí ọ̀bẹ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ojúgun, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti kọjú síra.

Ní ti "gbòǹgbò": gbòǹgbò ń fa oúnjẹ látinú ilẹ̀. Èyí kò fa nǹkan kan, ewé ló ń gba oúnjẹ látinú omi. Dídì mọ́ àpáta nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní ká pè é ní "ìdákọ̀ró". Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, àmọ́ ẹ gbọ́ bí gbólóhùn yìí ṣe máa rí: "Ẹ má ju ìdákọ̀ró ọkọ̀ sáàárín ìdákọ̀ró kẹ́ẹ̀pù." Ìmọ̀ràn gidi ni o, torí ó máa há sínú rẹ̀, àmọ́ ta ló máa gbọ́ ọ yé? "Adìmápàáta" ni kó jẹ́.

Àwọn àpò kéékèèké tó kún fún afẹ́fẹ́ nídìí ewé, tó ń gbé e léfòó, ẹnì kan wo "bladder" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì mú "àpò ìtọ̀" wá fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́. "Àpò ìléfòó" ti tó.

Ó ku ibi tí kẹ́ẹ̀pù ti tẹ́ bo ojú omi. Mo fẹ́ "àtíbàbà" ju "òrùlé" lọ, nítorí pé àtíbàbà ní àlàfo. Amòòkùn tó ń gòkè ní láti wòkè kó sì na ọwọ́ kan sókè, kó wá àlàfo yẹn. Bí kò bá sí, afẹ́fẹ́ tó ń mí síta tó ń hó gòkè máa ń ti ewé sọ́tọ̀ díẹ̀. Bó bá fẹ́ padà wọlẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe orí. Kó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣẹ́ kù sínú àgbá, kó lè gba abẹ́ àtíbàbà kọjá lọ sídìí ọkọ̀.