Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oko mi ti di ilé-ẹ̀kọ́, ta ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀?

Ìyá Olótílì (Kétu):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilẹ̀ pupa tí mo ń dá lọ́nà Idigny, ní Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin níbí, ti ṣá pátápátá tẹ́lẹ̀, koríko ẹ̀kan ló gbà á. Mo gbin mukúnà, ewéko tó ń fà bo ilẹ̀, sáàárín àgbàdo, mo sì fi òtílì yí oko náà ká. Ní báyìí, bí ẹ bá ṣí ewé gbígbẹ tó bo ilẹ̀ náà nígbà ọyẹ́, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ìgbẹ́ ekòló sì wà káàkiri. Àwọn ará àdúgbò rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. N kò lè lé ẹnikẹ́ni, ṣebí ẹnì kan ló kọ́ èmi náà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá bá mi láìpẹ́, ó ní kí oko mi di oko àpẹẹrẹ, kí n máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé mìíràn. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè owó zémì (ọ̀kadà), oúnjẹ àwọn àlejò àti irúgbìn tí wọ́n ń bù lọ, ó ní iṣẹ́ ìlú ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì wá, n kì í lè ro oko. Ṣé kí n gbà? Ṣé kí n máa gbowó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni? Kí ni mo lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba tí wọn ò ní pè mí ní olójúkòkòrò?

Bàbá Pọ́bẹ̀:
Ọmọ mi, o káre. Iṣẹ́ kíkọ́ àgbẹ̀ yìí ni mo ṣe láti ayé CARDER, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Abúlé tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú wa máa ń pọ̀ jù, a kì í lè dé gbogbo rẹ̀. Bí a bá sì dé ibẹ̀, àgbẹ̀ á fetí sí wa, á kí wa pé a káàbọ̀, á tún padà lọ dáná sun igbó rẹ̀. Ẹnu àgbẹ̀ bíi tirẹ̀ ló ń gbà gbọ́, torí ó mọ̀ pé ìkórè tìrẹ náà wà nínú ohun tí ò ń sọ.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ò ń tọrọ nǹkan. Iṣẹ́ ìjọba lò ń bá wọn ṣe. Nígbà tí FAO, àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ inú oko lórí ìrẹsì ní Indonesia ní 1989, àwọn àgbẹ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló padà di olùkọ́ àwọn yòókù, owó ètò sì wà fún un. Má gbà lọ́fẹ̀ẹ́ o.

Àgbẹ̀ Sábẹ:
Mo fara mọ́ ti bàbá, àmọ́ ẹ má gbowó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá jù ni kò ní í lówó tí yóò san. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣán igbó tuntun nítorí iṣu, igbó náà sì ti ń tán. Irú wọn gan-an ló yẹ kó dé oko yín. Irúgbìn ni kí ẹ tà fún ìjọba. Kí wọ́n ra mukúnà àti òtílì lọ́wọ́ yín, kí àwọn fúnra wọn pín in.

Ìyàwó Kétu:
Ẹ dákun, mukúnà yẹn, ṣé kì í yún èèyàn bíi wèrèpè?

Ìyá Olótílì:
Rárá, àbúrò mi. Èyí tí wọ́n ń pín fún àgbẹ̀ kò ní irun tó ń yúnni. Ṣùgbọ́n ẹ má se irúgbìn rẹ̀ jẹ bí ẹ̀wà o, oògùn líle wà nínú rẹ̀. Òtílì ni kí ẹ jẹ. Ẹ jẹ́ kí àgbàdo lò tó ogójì ọjọ́ kí ẹ tó gbìn ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gun àgbàdo, yóò sì wọ́ ọ lulẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ìyá mi, bí ẹ bá dá lọ, wọ́n á ní kí ẹ máa bọ̀ lọ́la. Ẹ kó ara yín jọ. Òfin OHADA, àjọ tó ń ṣe òfin òwò fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bíi tiwa, ti 2010 lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní èèyàn márùn-ún péré ti tó láti dá èyí tó kéré jù sílẹ̀. Bí ìwé ẹgbẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè kọ̀wé sí ATDA (iléeṣẹ́ ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbègbè yín) àti méèrì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ sì lè kan ilẹ̀kùn FNDA, àpò owó ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀, náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: owó zémì, oúnjẹ ọjọ́ ẹ̀kọ́, owó ẹni tí yóò bá yín roko lọ́jọ́ náà. Mo kẹ́kọ̀ọ́ ní Songhaï, oko ẹ̀kọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ibi tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Inú oko la ti ń kọ́ gbogbo nǹkan, mo sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ inú oko ń náni lówó.

Ìyá Ìbejì (Kétu):
Gbogbo yín ò béèrè èyí tó ká mi lára jù. Ilẹ̀ ta ni?

Ìyá Olótílì:
Ti ẹbí ọkọ mi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi nígbà tí ẹ̀kan bò ó.

Ìyá Ìbejì (Kétu):
Mo fura bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kan wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Bí ìjọba bá ti ri pátákó mọ́ ọn, gbogbo ẹbí ni yóò rántí pé àwọn nílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rí obìnrin tí wọ́n gbalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó tún un ṣe tán. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ yín pẹ̀lú kólà àti ẹlẹ́rìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún báyìí báyìí lẹ máa fi dá a. Ẹ mú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé. Ẹ ṣe èyí kí pátákó tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Pọ́bẹ̀:
Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí ó tilẹ̀ wà nínú lẹ́tà pé ìjọba gbọ́dọ̀ rí ìwé ilẹ̀ náà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Yóò ṣòro fún ẹbí láti yí i padà.

Ìyá Olótílì:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìdí ilẹ̀ ni màá kọ́kọ́ mú, ọkọ mi ti gbà láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tí a jọ ń dáko náà ti ṣetán, a pé márùn-ún. A ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kankan. Ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ bá mi wo lẹ́tà náà kí n tó mú un lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyá mi. Ẹ kọ iye kílò irúgbìn tí ẹ lè tà sí i, àti iye tí ẹ fẹ́ tà á.