Kí ló mú kí ọ̀wọ́ ìwé ìtàn kan gbajúmọ̀ ju òmíràn lọ?

Oǹkàwé Alẹ́ béèrè:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, àti Igbó Olódùmarè tó tẹ̀ lé e ní 1949, ṣì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà, títí kan ẹni tí kò ṣí wọn wò rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ Lápàdé, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nìkan ló ń dá mi lóhùn. Kí ló fà á?

Tíṣà Èdè:
Ilé ẹ̀kọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé CMS ti àwọn míṣọ́nnárì tẹ ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́, ìtàn àròsọ gígùn lédè Yorùbá kò tíì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ nílò ohun tí wọn yóò fún ọmọ kà. Ẹ wo Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ: láti kíláàsì dé kíláàsì ni ọmọ ń bá a lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti di bàbá àgbà fi ń ké ewì inú rẹ̀ láìwo ìwé.

Ìyá Adùkẹ́:
Ẹ̀yin tíṣà, mo gbà fún yín dé àyè kan, ṣùgbọ́n mélòó ni ìwé tí a kà fún ìdánwò tí a kò rántí mọ́ lẹ́yìn ìdánwò náà? Èrò tèmi ni pé ìtàn Fágúnwà ṣeé fẹnu sọ. Ẹni tí kò ka ìwé náà lè gbọ́ nípa Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, Ìmọ̀dóye àti Olóhùn-iyọ̀, kí ó sì mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe, débi pé àwọn ọmọdé lè pín wọn láàárín ara wọn ṣeré. Bí ènìyàn bá sì ti sọ ọ́ tó ni adùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ti Òkédìjí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìtàn ọ̀daràn ni: ẹni tó bá tú àṣírí rẹ̀ fún ọ ti ba kíkà rẹ̀ jẹ́, nítorí náà àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ gan-an ni yóò pa ẹnu mọ́. (Èmi fẹ́ràn Lápàdé ju gbogbo ọdẹ inú igbó lọ, ẹ má bínú.)

Aríwòran:
Ẹ má gbàgbé àwọn tó gbé Fágúnwà kọjá inú ìwé. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Wálé Ògúnyẹmí sì fi ìtàn yẹn kan náà kọ eré Láńgbòdó, tí Nàìjíríà gbé lọ sórí ìtàgé FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977. Lápàdé kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Oǹkàwé Alẹ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Ìyá Adùkẹ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí Àgbàlagbà Akàn rà fún àbúrò mi? Mi ò ní sọ òpin rẹ̀ fún un.