Ìbejì tí oṣù wọn kò pé: ọ̀kan ti délé, èkejì ṣì wà lọ́sibítù. Báwo la ṣe máa to ọjọ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀sẹ̀ 32 la bí àwọn ìbejì, ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹta báyìí. Táyé ti délé, kílò 2 ló wọ̀n. Rọ́bà imú ni wọ́n ṣì fi ń fún Kẹ́hìndé ní wàrà, èémí rẹ̀ sì máa ń dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá jókòó ti Táyé, wàrà tí mò ń fún sínú ìgò fún Kẹ́hìndé kì í tó. Tí mo bá lọ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni Táyé máa wà fún wákàtí mẹ́rin. Ṣé kí n máa gbé e dání lọ ni? Wàrà mélòó ló sì yẹ kó máa mu?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Kékeré
Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ìgbà tẹ́ ẹ máa fún ọmú sínú ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, kí ẹ tó to ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ sọ́sibítù. Ọmú ò mọ iye ọmọ tẹ́ ẹ bí. Iye ìgbà tí wọ́n bá tú u ló ń tẹ̀ lé. Ìgbà 8 sí 10 láàárín wákàtí 24 ni kó jẹ́, kí ọ̀kan bọ́ sí àárín aago méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí, torí òru ni èròjà ara tó ń pèsè wàrà máa ń pọ̀ jù. Ti òru yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fò, tí wàrà wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Nígbà tí Táyé bá ń mu ọmú ọ̀tún, ẹ gbé ẹ̀rọ ìfúnmú sí tòsì. Ìmu ọmọ máa ń mú kí wàrà sọ̀ nínú méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á kàn máa kán tó, tó, sínú ìgò. Tó bá yá, á máa tú jáde, ẹ ó sì gbọ́ tí Táyé náà ń gbé e mì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ọwọ́ máa tẹ ọmú láti òkè wá sí orí rẹ̀. Tí ohunkóhun ò bá jáde mọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un. Nígbà tó bá tún kàn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Wàrà lè wà níta fún wákàtí 4, nínú fíríìjì fún ọjọ́ 4, ní apá ẹ̀yìn fíríìjì pátápátá, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn tó ń gba ooru. Ti ọmọ tó wà lọ́sibítù le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wákàtí 48 ni ọ̀pọ̀ ibi ń fẹ́. Èyí tó bá ti di yìnyín rí, tó sì ti yọ́ tán, kó tán láàárín wákàtí 24, ẹ má dá a padà. Èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ni kí ẹ gbé fún Kẹ́hìndé, torí dídì máa ń pa lára ohun tó ń gbógun ti àrùn nínú rẹ̀.

Ti Táyé: nǹkan bí 160 ml fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kílò 2 á jẹ́ 320 ml. Ẹ pín in sí ọ̀nà 8, 40 ml nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọmú tààrà, ẹ wo pámpáàsì: ó kéré tán, kí 6 tutù lójúmọ́. Kó má sùn ju wákàtí 3 lọ láìmu. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í fi gbogbo ìgbà sunkún ebi. Oorun ni ebi máa ń gbé e lọ.

Bàbá Ìbejì Kejì
Lórí gbígbé Táyé dání: ọ̀pọ̀ yàrá ìtọ́jú kì í jẹ́ kí ọmọ tó ti lọ sílé padà wọlé, nítorí àrùn. Ẹ béèrè kí ẹ tó jáde nílé. Tí wọn ò bá gbà, ẹ̀yin àti bàbá wọn ni kẹ́ ẹ máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, torí àyà bàbá náà wúlò fún gbígbé ọmọ mọ́ àyà.

Pámpáàsì àti fìlà nìkan ni kó wà lára Kẹ́hìndé. Ẹ gbé e dúró sí àárín àyà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, kí orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ má sì kan àyà. Àgbọ̀n tó bá tẹ̀ sílẹ̀ máa ń dí ọ̀nà èémí, pàápàá fún ọmọ tí èémí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró. Kí aṣọ tẹ́ ẹ fi dì í dé abẹ́ etí. Ẹ má gbé e fún ohun tí kò tó wákàtí kan, torí gbígbé e jáde àti dídá a padà máa ń rẹ̀ ẹ́. Wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn. Díẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí ṣe, ẹ ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín máa dá yín lẹ́bi.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ ò bá lè lọ, ẹ pe nọ́ọ̀sì, àmọ́ kì í ṣe nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹ béèrè pé: gíráàmù mélòó ló wọ̀n lónìí? ml mélòó nígbà kọ̀ọ̀kan, mélòó ló fi ẹnu mu? Ẹ̀ẹ̀melòó ni èémí dáwọ́ dúró, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló padà mí, àbí wọ́n ní láti fọwọ́ kàn án? Ìdáhùn ìkẹyìn yìí ló máa ń pinnu ọjọ́ ìpadàsílé: bí èémí bá tún dáwọ́ dúró, wọ́n sábà máa ń tún bẹ̀rẹ̀ òǹkà ọjọ́ tí èémí rẹ̀ kò fi dáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Kékeré
Mo fẹ́ fi kan kún un. Ọmọ tó wà nílé ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé àyẹ̀wò rẹ̀, torí ojú gbogbo ti lọ sọ́sibítù. Tí wọ́n bá ti yan ọjọ́ àyẹ̀wò ojú fún Táyé, ẹ má sún un, kódà kó bọ́ sí ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ rí Kẹ́hìndé. Ìpalára ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní àsìkò tí ìtọ́jú ń ràn án, ó sì máa ń kọjá. Ọjọ́ ìbí gan-an ni ẹ máa fi ka abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bí wọn ni ẹ máa fi ka ìjókòó àti ìrìn.

Tí Táyé bá gbóná dé 38°C, tí ara rẹ̀ bá tutù sí ìsàlẹ̀ 36.5°C tí kò sì móoru lórí àyà yín, tí ètè rẹ̀ bá dúdú, tàbí tó kọ wàrà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí Kẹ́hìndé bá délé, ṣé wọ́n lè sùn pọ̀?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Kékeré
Yàrá kan náà, ibùsùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, láìsí ìrọ̀rí. Ẹ sì lẹ bébà tí ẹ kọ orúkọ sí mọ́ oògùn wọn. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ka ẹ̀kán oògùn, nítorí náà ti Kẹ́hìndé kì í ṣe ti Táyé.