Èsì: Ẹ yọ "tún" kúrò nínú ọ̀rọ̀ Kong Qiu

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin kọ lánàá nípa Kong Qiu, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà tí àwọn òyìnbó sọ di Confucius. Ìtàn tí wọ́n kọ dára, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn: ilẹ̀ Lu ni wọ́n ti bí i, lápá ibi tí à ń pè ní Qufu lónìí, ní ọdún 551 ṣáájú ìbí Jésù, kékeré ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kú, ó ṣọ́ àká ọkà, ó mójú tó ẹran ọ̀sìn, kó tó di ẹni tí àwọn ọba ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀kọ́ tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní zhengming, ìyẹn mímú orúkọ tọ́, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan fún un: "àtúnsọlórúkọ". Ibẹ̀ ni òkèlè ti há mi lọ́fun.

"Tún" yẹn ni mo ń bá jà. Bí Àkànní bá di Yésúfù, a tún un sọ lórúkọ nìyẹn. Ṣé ohun tí Kong Qiu wí nìyẹn? Kò sí orúkọ tuntun kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni kò ṣe bí orúkọ ti wí.

Inú Lunyu ni ọ̀rọ̀ náà wà, ìwé tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, ní apá kẹtàlá. Zilu, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn náà, bi í pé bí ọba ilẹ̀ Wei bá fa ìlú lé e lọ́wọ́, kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó ní orúkọ ni òun yóò kọ́kọ́ mú tọ́. Zilu, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní ọ̀rọ̀ bàbá ti gba ibòmíràn lọ. Ni Kong Qiu bá bá a wí: bí orúkọ kò bá tọ́, ọ̀rọ̀ kò ní gún, bí ọ̀rọ̀ kò bá gún, iṣẹ́ kò ní yọrí. Ó ń tò ó bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan ìyà tó ń lọ bá ẹni tí kò tọ́ sí, tí aráàlú ò wá mọ ibi tí wọn ó gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ ohun tó ń lọ ní Wei nígbà náà fún wa. Kuaikui, àrẹ̀mọ Ọba Ling, gbèrò láti pa olorì Nanzi, àṣírí tú, ó sá. Nígbà tí Ling wàjà ní ọdún 493, Zhe, ọmọ Kuaikui, ni wọ́n fi jọba. Bàbá wà lẹ́yìn odi, ó ń bá ọmọ tó bí du adé. Ọmọ ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá. Ta wá ni bàbá níbẹ̀? Ta ni ọmọ? Ẹ fẹ́ tún wọn sọ lórúkọ, kí ẹ máa pè wọ́n ní kí ni?

Èdè wa ti ní ohun tí a ń wá. Ẹ fetí sí ohùn. A ní lágbájá jẹ ọba, ohùn àárín: oyè ló jẹ. A ní lágbájá jẹ́ ọba, ohùn òkè: ọba ló jẹ́ tinú tòde. Jẹ́ olóhùn òkè yìí náà la fi ń béèrè pé "Kí lò ń jẹ́?" Zhe jẹ ọba Wei, bóyá ó jẹ́ ọba ni ẹjọ́ wà. Nígbà tí Ọba Jing ti ilẹ̀ Qi béèrè bí a ti ń ṣèlú, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré ni Kong Qiu fi dá a lóhùn, tí a bá kà á bó ṣe tò ó: ọba ọba, ìjòyè ìjòyè, bàbá bàbá, ọmọ ọmọ. Ẹ fi jẹ́ sáàárín wọn, ó di Yorùbá. "Ìjẹ́-orúkọ" ni mo fi sílẹ̀ fún yín.

Bàbá mi àgbà l'Ọ́yọ̀ọ́ ò mọ ìwé kankan. Bí olóyè tuntun kan bá wá fọ́nnu nílé wa, wọn á ní, "O jẹ oyè, mo gbọ́. Ṣé o jẹ́ ẹ?" Ẹni tí kò gbọ́ ohùn á rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé jẹ́ wà nínú "bàjẹ́" náà. Jẹ́ ti bàjẹ́ ò dá rìn rí, "bà" ló ń gbé e kiri. Àbúrò mi tó wà ní London dábàá "ìtọ́-orúkọ", torí pé zheng túmọ̀ sí kí nǹkan tọ́. Òótọ́ ni. Kódà ọ̀rọ̀ wọn fún ìṣèlú dún bákan náà pẹ̀lú rẹ̀, Kong Qiu sì fi dá àṣà. Ṣùgbọ́n àbúrò, ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ìlàjì wa níbí á kà á ní itọ́, ìyókù á kà á ní ìtọ̀.

Zilu tó ń fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, inú ìjà Wei yẹn náà ló kú sí. Ní ọdún 480 Kuaikui padà wọlé, Zilu kò sá, ìjòyè Wei tó ń bá ṣiṣẹ́ ló lọ gbà sílẹ̀. Wọ́n gé okùn fìlà rẹ̀ lójú ìjà. Ó ní junzi, ẹni tó níwà, kì í kú láìdé fìlà, ó so okùn náà padà, wọ́n sì pa á. Ọdún kejì ni Kong Qiu náà kú.

Junzi yẹn tún mú mi rántí: ẹ̀gbọ́n túmọ̀ Kongzi, orúkọ tí wọ́n fi ń pọ́n Kong Qiu lé, sí "Ọmọ Kong". Háà! Zi ni ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn orúkọ àgbà, ọ̀wọ̀ ni, olùkọ́ ni. Inú junzi ló ti jẹ́ ọmọ, ọmọ olú, títí Kong Qiu fi yí i kúrò lọ́rọ̀ ìdílé sí ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹ̀gbọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ni ní yunifásítì. A kí yín, sà. Èmi náà fi mọ́kànlélógún kọ́ àwọn ọmọ girama, wọn ì bá fi èyí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n, ti pé Núà, Nóà inú Bíbélì, ló wà nínú ọmọlúàbí tí ẹ tún dá sí i nísàlẹ̀ ìwé yín, olú ìwà lèmi gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bí mi, mi ò tíì gbà. Ẹ mú ẹ̀rí wá.