Ẹ̀yin tí àyà yín máa ń lù kìkì láìsáré láìṣiṣẹ́, kí ni ẹ bá ní ìdí rẹ̀?

Ọmọ Pàkátà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì ti parí ni àyà mi ti ń ṣàdédé lù kìkìkì, pàápàá ní òru, nígbà tí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí gbogbo ilé sì ti pa rọ́rọ́. Yóò lù, yóò fo ẹyọ kan, yóò wá fi agbára lù bí ẹni gbá mi láyà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, wọ́n ní kò ga. Ìyàwó mi ní ìrònú ni, ìyá mi ní kí n lọ bá àfáà wa ní Òkèlélé, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní afẹ́fẹ́ inú ló ń gòkè. Ẹ̀yin tó ti ṣe rí, kí ni wọ́n ní ó fa tiyín, kí ni ẹ sì ń ṣe tí ara fi ń rọ̀ yín?

Bàbá Olóbì
Ìrònú ni. Ẹni tí kò bá ronú lọ́dún yìí, kí ó wá kọ́ wa ní ọgbọ́n tó ń dá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ń mu fún wa. Ní àkókò ìdánwò wa tó kọjá, kọfí ni mo fi ń lajú, ẹ́nájì inú agolo ni mo fi ń kàwé mọ́jú, mo sì lè má jẹun títí di ọ̀sán. Ní òru ọjọ́ kan, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, mo sì ní kí ẹnì kejì mi nínú yàrá pe bàbá mi kí n lè dágbére fún un. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi mí ni iye agolo tí mo ti mu. Omi, oúnjẹ àti oorun ni gbogbo ìtọ́jú mi.

Ọmọ Pàkátà
Àbúrò, kọfí ni mo ń mu ní sààrì nígbà ààwẹ̀ kí n má bàa sùn lẹ́nu iṣẹ́, àṣà náà kò sì tíì fi mí sílẹ̀. Mò ń mu ún láàárọ̀, mo sì tún ń mu ún lẹ́yìn ìrun Alaásárì. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ohun tí ara ẹnì kan gbà, ara ẹlòmíràn lè máà gbà á. Káfíìnì tó wà nínú kọfí, tíì, ẹ́nájì àti obì kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀: nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ó tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, nítorí náà èyí tí ẹ mu lẹ́yìn Alaásárì ṣì wà lára yín nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀. Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe já a lójijì, kí orí má bàa fọ́ yín. Nígbà tó bá sì tún ṣe yín, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ ka ìlù náà fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, láàárín 60 sí 100 ni tirẹ̀ yẹ kí ó wà.

Bàbá Olóbì
Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o. Báwo ni ẹ ṣe ka obì mọ́ ẹ́nájì?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀mù-Àrán
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí lù tọ̀sán tòru, kódà bí mo bá jókòó ti igbá ọjà mi. Mò ń jẹun ju ọkọ mi lọ, síbẹ̀ mò ń rù, débi pé okùn ni mo fi ń so síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún ìsọmọlórúkọ. Ooru ń mú mi nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí àwọn aládùúgbò ń da aṣọ òtútù bora. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tí mi ò fi lè ka owó níwájú oníbàárà, inú sì ń bí mi sí ọmọ, sí ọkọ, sí ewúrẹ́ pàápàá. Àwọn èèyàn ní obìnrin tí a jọ ń tajà ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, nítorí pé ọjà mi ń yá ju tirẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, òmíràn ní wàhálà ọmọ títọ́ ni, wọ́n sì fún mi ní oògùn oorun.

Ìyá àgbà kan tó wá ra iyọ̀ lọ́wọ́ mi ló wò mí lójú, tó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹyinjú rẹ ń yọ síta, gbé àgbọ̀n rẹ sókè kí n wo ọrùn rẹ.” Gẹ̀gẹ̀ kékeré kan ti ń yọ níbẹ̀. Nígbà tí a dé Ìlọrin, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì ṣàlàyé pé ohun kan wà ní iwájú ọ̀nà ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì, pé tèmi ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé omi tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń lé ọkàn mi léré, tó sì ń jó ẹran ara mi dànù. Carbimazole, oògùn tó ń dín iṣẹ́ tairọ́ìdì kù, ni wọ́n fún mi, wọ́n sì kìlọ̀ gidigidi pé bí ọ̀fun bá ń dùn mí tí ibà sì mú mi, kí n dá oògùn náà dúró, kí n sì padà wá lọ́jọ́ náà gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn mi rọlẹ̀, tí ẹran ara sì padà sí mi lára.

Alàájà Ìta-Àmọ́dù
Lágbára Ọlọ́hun! Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ló ń ṣe àbúrò mi obìnrin, àyàfi gẹ̀gẹ̀. Ṣé ó lè jẹ́ òun náà láìsí gẹ̀gẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ó lè jẹ́ ẹ, Alàájà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ ọ́.

Ará Àjàṣẹ́-Ìpo
Ẹni tí ẹ jọ ń tajà yẹn ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀ ẹ́?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀mù-Àrán
Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Òun náà ló sì ń bá mi ṣọ́ igbá ní gbogbo ìgbà tí mò ń lọ sí Ìlọrin.

Ará Àjàṣẹ́-Ìpo
Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe ohun gbogbo ni àyẹ̀wò ń rí. Wọ́n lẹ okùn ECG, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, mọ́ ẹ̀gbọ́n mi láyà, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ dára, síbẹ̀ kò yéé lù. Hàńtú, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí àfáà fún un mu ló gbà á.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ohun tí ọkàn ń ṣe ní ìwọ̀nba àsìkò tí wọ́n fi lẹ okùn náà mọ́ ọn nìkan ni ECG lè kà. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń wá tó ń lọ, ó lè má wá ní àsìkò náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré kan fi wà tí aláìsàn ń gbé kọ́ra fún wákàtí 24, tó sì ń bá ọ ṣiṣẹ́, tó ń bá ọ sùn.

Alàájà Ìta-Àmọ́dù
Àfáà tèmi kì í fún ẹni tí àyà ń lù ní hàńtú àfi tí onítọ̀hún bá ti kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, nítorí náà ẹ má sọ àdúrà àti àyẹ̀wò di ọ̀tá ara wọn. Mo mọ ẹni tó mu hàńtú tó sì yá, mo sì mọ ẹni tó mu ún títí tí àìtó ẹ̀jẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ.

Ìyàwó Tíṣà, Ìgbàjà
Èmi ni ẹ ń bá wí, Alàájà. Ìju ló ń mú kí nǹkan oṣù mi máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, èmi sì rò pé bí ara obìnrin ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ wa, mo gbọ́dọ̀ di ògiri mú kí ọkàn mi tó rọlẹ̀. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára, jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin kò yẹ kó rẹlẹ̀ ju 36 lọ. Ọkàn ń sáré nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń tì kiri kò tó.

Ọmọ Ṣàárẹ́
Bàbá mi ní tirẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú un tọ̀ ló kó potásíọ̀mù ara rẹ̀ lọ, èyí tó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé.

Bàbá Olóbì
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ obì. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ń jẹ gbànja láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́, ó sì lé ní 80 ọdún kí ó tó lọ. Àyà rẹ̀ kò lù rí, àyàfi lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke
Bàbá, ṣé gbogbo ìgbà tí àyà wọn bá lù ni wọ́n máa ń wá sọ fún yín?

Bàbá Olóbì
Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí. Orógbó ńkọ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Obì ni mo dárúkọ, bàbá, mi ò dárúkọ orógbó. Àbàtà àti gbànja, àwọn méjèèjì ló ní káfíìnì. N kò lé obì kúrò nínú àwo ìsọmọlórúkọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń lù ni mo ní kí ó fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì wo ìyàtọ̀.

Ìyá Aránṣọ, Ọ̀fà
Ẹ̀yin tó mọ ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 2018 ní Ọ̀fà, ọjọ́ tí àwọn adigunjalè kọlu àwọn báńkì, kò nílò àlàyé lẹ́nu mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí dún láti ọ̀nà àwọn báńkì, mo sì dojú bolẹ̀ lábẹ́ tábìlì títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí páìpù èéfín ọ̀kadà bá bú, tàbí tí ọmọ bá ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀, àyà mi yóò bẹ̀rẹ̀, èémí mi yóò máa gé, ìka mi yóò máa ta mí pinpin, èmi yóò sì gbà pé ikú ló dé. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n wo ọkàn, wọn kò rí àìsàn kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní Òkè-Oyì, mo fi ìborùn bojú wọlé kí ará ìlú mi má bàa rí mi.

Dókítà tí mo bá níbẹ̀ kò pè mí ní wèrè. Ó ní ìpayà ló ń mú mi mí léraléra, pé mímí bẹ́ẹ̀ ń lé kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì jáde jù nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé ibẹ̀ ni ìka títa náà ti ń wá. Ó ní ìpayà náà kì í sábà lé ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 10 kí ó tó dé góńgó, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí n kò tilẹ̀ ṣe ohunkóhun. Ó kọ́ mi láti fi imú fa èémí wọlé títí mo fi ka 4, kí n sì tú u síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí mo fi ka 6. Iṣẹ́ tó le jù tó rán mi ni pé kí n máa padà lọ sí òpópónà àwọn báńkì tí mo ti ń sá fún: kí n kọ́kọ́ dúró lókèèrè, kí n máa sún mọ́ ọn, kí n má sì tíì kúrò nígbà tí àyà mi ṣì ń lù. Mo ń lọ gba owó fúnra mi báyìí. Ṣùgbọ́n bí Kérésì bá dé tí àwọn ọmọ ń yin bàǹgà, inú ilé ni ẹ ó ti bá mi.

Ìyàwó Ilé, Ọ̀fà
Màmá, ẹ ṣeun. Ọkọ mi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kì í jókòó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mọ́.

Ará Àjàṣẹ́-Ìpo
Ọ̀rọ̀ yín yìí wọ̀ mí lára, màmá. Ó lè jẹ́ irú rẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé ẹ̀yìn jàǹbá ọkọ̀ ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Awakọ̀ Ìpàtà
Ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ wọ ilé oògùn, ẹ ra propranolol, oògùn tó ń dín eré ọkàn kù, ẹ gbé e mì. Tèmi kì í ṣe ìpayà o. Lójijì ni ó ń bẹ̀rẹ̀, lójijì náà ni ó ń dúró, wọ́n kà á nígbà kan, ó lé ní 180. Àwọn dókítà ní ọ̀nà iná inú ọkàn mi ló ní ẹ̀ka tí kò yẹ. Wọ́n kọ́ mi pé bí ó bá dé, kí n gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí n pa ẹnu àti imú dé, kí n sì gbìn bí ìgbà tí èèyàn ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, nígbà míràn ó máa ń dá a dúró. Propranolol ni wọ́n fi kún un.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ fún, ẹ má pín in fún ará ọjà. Bí ẹni tó ní ikọ́ fée (ásímà) bá gbé propranolol mì, ó lè dí i léèémí pa. Mo tún bẹ gbogbo yín: bí àyà bá ń lù tí èèyàn sì dákú, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí kò rí èémí mí, tàbí tí ọ̀dọ́ kan ti kú lójijì nínú ẹbí rẹ̀ rí, kí onítọ̀hún má jókòó máa ka ìtàn wa, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ Pàkátà
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka tèmi ní àná, 78 ni, ó kàn ń fo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi kọfí ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, n ó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ECG lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá Olóbì
Èmi náà fi ìka sí ọwọ́ mi, kí n má bàa jẹ́ aláròyé lásán. Mo jókòó, n kò ṣe nǹkan kan, ó lé ní 118. Ṣé ìka mi ni kò mọ ìṣirò ni?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Bàbá, ṣé ó ń lọ déédéé àbí ó ń lọ ségesège?

Bàbá Olóbì
Ségesège ni o. N kò rí ibi tí mo ti lè bá a jó.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé ní tiyín. Ọkàn tó bá ń sáré ségesège lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀, ìdì ẹ̀jẹ̀ náà sì lè gòkè lọ sí ọpọlọ, kí ó fa rọpárọsẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la ni kí ẹ lọ. Bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kan bá kú tipiri, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu yín kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má dúró de àárọ̀.

Bàbá Olóbì
Ọ̀la tún ni ọjọ́ tí obì ń dé láti oko.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke
Bàbá, ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀kadà, mi ò sì ní kíláàsì ní àárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání o, títí kan àgbo.