Ẹ bá mi ka ọjọ́ yìí, ó ti dàrú mọ́ mi lójú

Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ abẹ́ ni mo gbé wá. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, èmi wà n'Íbàdàn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé, a sì ti ń wá ọmọ láti bí oṣù 8. Áàpù orí fóònù mi ń sọ pé tí mo bá kà láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 ni ẹyin mi ń jábọ́, ṣùgbọ́n nǹkan oṣù mi ò dúró sójú kan, ìgbà míì ọjọ́ 26, ìgbà míì 33. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n yọ 18 kúrò nínú èyí tó kúrú jù, kí n yọ 11 kúrò nínú èyí tó gùn jù, mo ṣe é, ó fún mi ní ọjọ́ 8 sí 22 pé ìgbà tí mo lè lóyún nìyẹn. Háà! Ọjọ́ 15 gbáko, ṣé kí ọkọ mi fiṣẹ́ sílẹ̀ ni? Nọ́ọ̀sì yẹn tún ní kí n máa wo omi ojú ara, tó bá ti ń yọ̀ tó ń fà bíi funfun ẹyin adìyẹ, àsìkò ti tó nìyẹn. Mo rí i lọ́jọ́ 18 nínú ìkà yẹn lóṣù tó kọjá, ọkọ ò sí nílé o jàre.

Tó bá wálé ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú omi yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì lè bọ́ sí i, torí wọ́n ní àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin tó ọjọ́ 5? Àti tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fi ìtọ̀ ṣe láti mọ̀ bóyá ẹyin fẹ́ jábọ́ yẹn, ọjọ́ wo lẹ̀yin tí tiyín ń sún síwá sẹ́yìn bíi tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ẹ má ní kí n gbàdúrà o, mò ń gbà á.